Ẹrù Ẹ̀yìn Máṣíìnì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ṣakí báyìí, eruku ọ̀nà ṣì wà lójú mi. Láti Ìbàdàn ni mo ti gun máṣíìnì bọ̀, báàgì aṣọ àti kẹ́ẹ̀gì omi lẹ́yìn. Àwọn ọmọ gáréèjì ló bá mi dì í.

Bí mo ṣe ń jáde ní Ìséyìn ni ándù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Táyà iwájú fúyẹ́ bí ẹni pé kò fẹ́ kanlẹ̀ mọ́. Mo bá yà sọ́dọ̀ bàbá fọkanáísà kan. Wọn ò tilẹ̀ wo táyà. Ẹrù ni wọ́n ń wò.

"Ta ló dì yìí fún ọ?"

Wọ́n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó wúwo, wọ́n gbé e sísàlẹ̀, ó sún mọ́ mi lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí. Aṣọ bọ́ sókè. Wọ́n wá mú rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù àtijọ́, wọ́n fẹsẹ̀ ti báàgì, wọ́n ń fa rọ́bà títí ó fi ń han. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àárín báàgì àti sàlẹ́ńsà: "Tó bá fara kan ibí, á ti yọ́ kó o tó dé Òkèihò."

Owó rọ́bà nìkan ni wọ́n gbà. Ándù ò gbọ̀n mọ́ títí mo fi dé. Àpótí onírin táwọn òyìnbó ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì wọn dáa lóòótọ́, àmọ́ ẹ fi rọ́bà túùbù sílẹ̀ fún mi o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun máṣíìnì rìn jìnnà, ṣé iwájú ti fúyẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ báyìí rí? Kí lẹ fi ń di tiyín?