Mo lọ wo erin nígbó Omo, ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n bá mi sọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé láti igbó Omo o. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ rí á ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó yìí láìfura, torí ohun téèyàn máa ń rí níbẹ̀ ò ju agbégilódò tó ru gẹdú àtàwọn tó so ọ̀yà àti ẹtu kọ́ sétí títì tí wọ́n ń tà á. Erin wà nínú igbó yẹn. Erin gidi, nípìnlẹ̀ Ògùn níbí, apá ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú-Òde ni ibẹ̀ wà.

Ọ̀kadà ló gbé mi wọlé láti ìletò J4, ọ̀nà yẹn burú débi pé mo ń sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn níbi tí ẹrẹ̀ bá ti pọ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé a lọ lọ lọ, igi mẹ́línà la ṣì ń rí, ó tò lọ bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú mi kiri ní láyé ìgbà tí ìjọba fẹ́ máa ṣe pépà ní Ìwópin ni wọ́n gé ojúlówó igbó dànù tí wọ́n gbin mẹ́línà sí i. Pépà ò jáde bí wọ́n ṣe rò, igbó náà ò sì padà wá. Ẹ kúrò níbi mẹ́línà tán, oko kòkó.

Kì í ṣe pé wọn ò forúkọ dá igbó yìí lọ́lá o. Ọdún 1925 ló ti di igbó ìjọba, nígbà tó yá wọ́n ya nǹkan bíi hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú ẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, UNESCO náà gbà á wọ̀wé ní 1977 pé ibi ìpamọ́ ẹ̀dá ni. Ṣùgbọ́n látìgbà òfin ilẹ̀ 1978, ọwọ́ gómìnà nilẹ̀ wà, ìpínlẹ̀ ló ń gbowó lórí gẹdú. Òfin tó ní kí wọ́n má pa erin, ti Àbújá ni. Owó tí wọ́n fi ń ṣọ́ erin ọ̀hún wá ńkọ́? Ẹgbẹ́ bíi NCF (Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ aládàáni tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko) àtàwọn olùrànlọ́wọ́ lókè òkun ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹni tó ń pawó lórí igi kọ́ ló ń sanwó ẹ̀ṣọ́, ìyẹn ni wàhálà ibẹ̀ lójú tèmi, gbogbo ìyókù ẹ̀ka ẹ̀ ni.

Erin ńkọ́? Wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, èmi ò tiẹ̀ rí fìrí. Ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ la rí, omi ti kún inú ẹ̀, a sì rí ìgbẹ́ ẹ̀ tó ti gbẹ lókè tínú ẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀gbọ́n fi igi tú u, kóró òro já bọ́ síta, ọ̀kan ti ń hù.

"Àbúrò, àpọ̀n tẹ́ ẹ̀ ń fi jẹ iyán ní Èkó yẹn, àwọn yìí ló ń bá wa gbìn ín."

Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé iṣẹ́ yìí wá dáa jù ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí mò ń dọdẹ, mi ò retí owó oṣù lọ́wọ́ ẹnì kankan."

Mi ò lè dáhùn. Jánúárì 2025 ni Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ òkèèrè dúró, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko káàkiri Áfíríkà ló sì mọ̀ ọ́n lára, torí kò sẹ́ni tó gbé owó míì kalẹ̀ dè é. Àbújá ní tiẹ̀ ń ṣe nǹkan tí kámẹ́rà lè yà: wọ́n ba ìpẹ́ akíka tó tó bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ jẹ́ ní 2023, wọ́n lọ eyín erin tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ kúnná ní Jánúárì 2024. Òfin náà ń le sí i. Òfin 1985, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú, náírà 1,000 ni ìtanràn ẹ̀! Wọ́n tún un ṣe ní 2016, ìgbà tó sì di Ọ́kítóbà 2025, ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tuntun tó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tó máa mú ọ̀daràn yẹn lóru nínú igbó, ta ló máa ra epo sí ọ̀kadà ẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ wọ bàtà òjò, kẹ́ ẹ sì ti bá àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọgbó. Ẹ mú owó dání, kì í ṣe ATM o, kẹ́ ẹ sì fún ẹni tó bá mú yín kiri ní nǹkan gidi.