Ère Kò Lẹ́nu Bí A Kò Bá Yá A Lẹ́nu

Ní 1998, mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ó sì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀-Èkìtì, kí ó tó kú ní 1938. Ohun tí ó wú mi lórí jù nípa ìpàtẹ náà ni pé kì í ṣe inú ìwé àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n ti wá ẹ̀rí nípa ọkùnrin yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ, ó ṣì ń ki oríkì rẹ̀, wọ́n sì gba oríkì náà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nínú oríkì yẹn ni a ti gbọ́ pé bí ẹni ń gbẹ́ igbá ni Ọlọ́wẹ̀ ṣe ń gbẹ́ ìrókò.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ó fi bí nǹkan ṣe rí kí mùsíọ́ọ̀mù tó dé hàn wá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ọnà kì í dá dúró láìní ẹnu. Agbẹ́gilére ní oríkì, ìbejì ní orin tirẹ̀, Gẹ̀lẹ́dẹ́ kì í sì í jáde láìsí ìlù àti ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fi gbogbo òru dá. Bí ènìyàn bá wọ ààfin, tí ó tẹjú mọ́ òpó gbígbẹ́ kan, kì í pẹ́ tí àgbà kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn ọba tí ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú gíláàsì, ìbáà ṣe ní London, ní Berlin, tàbí ní mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn ní Èkó níhìn-ín láti 1957, igi àti idẹ nìkan ni wọ́n rí kó. Ẹnu tí ń sọ wọ́n kò bá wọn lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ka ìtàkùrọ̀sọ, ìfinimọ̀nà (mímú àlejò yíká) àti ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe sí fújà tí mùsíọ́ọ̀mù ń ṣe nígbà tí owó bá ṣẹ́ kù. Lójú tèmi, ìdajì iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ni wọ́n, ìdajì tí ó sì nira jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré-Èkìtì, tí Ọlọ́wẹ̀ yìí kan náà gbẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, British Museum sì fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà, ọba Ìkéré, kò tà á; ó gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìtẹ́ kan tí wọn yóò kàn fún un nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá kàn ń kọjá lọ yóò ya fọ́tò ilẹ̀kùn yìí, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ bá dúró tì í, ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó yí i ká ni pé, nínú àwọn tí wọ́n gbẹ́ síbí, ta ni ó jókòó, ta sì ni wọ́n rù? Lápá kan, Ògògà wà lórí ìtẹ́ tòun ti adé, olorì sì dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, Kápútẹ́ẹ̀nì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ká eékún jọ sórí ohun tí àwọn aláàárù fi gbé e. Àwọn ènìyàn inú ọnà náà yọ síta lára pákó débi pé ó dà bí ẹni pé wọn yóò sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀, ó sì ti sọ ẹni tí í ṣe onílé àti ẹni tí í ṣe àlejò.

Olùsọ̀rọ̀ tí kò bá ṣojúsàájú kò ní fò ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ yẹn dá. Yóò jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ jiyàn lórí bóyá ọba tí ó wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn lè sọ pé òun kò gbà, kí ó sì mú un jẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo báyìí tẹ́ mi lọ́rùn ju wákàtí kan tí a fi ń sáré láti yàrá dé yàrá lọ. Ohun kan wà tí mo sì gbóríyìn fún British Museum lé lórí, bí mo tilẹ̀ ní ẹjọ́ púpọ̀ láti bá wọn rò: àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn máa ń mú àlejò yíká lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ní àwọn tábìlì tí ará ìlú ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ojúlówó ohun àtijọ́ wò.

Ní ti ìfinimọ̀nà, ẹni tí ń fini mọ̀nà gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ju bí ó ti ń sọ lọ. Mo dúró lẹ́yìn àwọn ọmọ ilé ìwé kan nígbà kan níwájú ère ìbejì tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́: imú ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu kò hàn mọ́, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti di bọ̀rọ́. Ọmọkùnrin kan ní ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò mọṣẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń mú wọn kiri kò bá a wí. Ó kàn bi í pé, ‘Nílé yín, ta ní ń wẹ ọmọ?’ Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ ère dípò rẹ̀, ìyá a sì máa wẹ̀ ẹ́, a máa fún un ní oúnjẹ, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi aró sí i ní irun, ọdún lé ọdún. Ọwọ́ ìyá ni ó jẹ ojú náà. Bí ó ti sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ ni olùkọ́ obìnrin kan tí ó tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà wá ki ‘Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn’ bọ ẹnu, tí ọmọbìnrin náà sì dákẹ́, tí ó fi ààyè sílẹ̀ fún un títí ó fi kì í tán. Mo ti rí àwọn mìíràn tí wọn ì bá ní kí ìyá náà jọ̀wọ́ dúró títí di àkókò ìbéèrè. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ni irú wọn máa ń kà síni létí, bí ẹni pé àwa kò mọ̀wé.

Ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù, kò ṣeé sọ láìdárúkọ Òṣogbo. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìrànwọ́ Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, darí ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe níbẹ̀ ní 1962 àti 1963, Georgina Beier sì ṣe tirẹ̀ ní 1964. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó gbani wọlé. Nínú àwọn tí ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ náà, Jímọ̀ Buraimoh ni ó ń tọ́jú iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀. Múráínà Oyèlámì ti ta epo bẹntiróòlù rí. Twins Seven-Seven jẹ́ oníjó tí ó bá olóògùn kan tí ń polówó kiri wọ ìlú. Ní 2005, UNESCO fi Twins Seven-Seven ṣe oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà (Artist for Peace) wọn. Oyèlámì sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìràgbìjí. Àwọn kan nínú àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì kò ka ẹgbẹ́ Òṣogbo sí, wọ́n ní òyìnbó ni ó ń tì wọ́n lẹ́yìn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, n kò tíì rí ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe kan ní mùsíọ́ọ̀mù wa tí ó so èso tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí à ń ṣe báyìí, ọ̀rọ̀ ìkíni-káàbọ̀ ni yóò jẹ ìdajì rẹ̀, fọ́tò ni yóò jẹ ìyókù, a ó sì pín ìwé ẹ̀rí fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan kan.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo máa ń fi wọn ẹ̀kọ́ tí ó yanjú. Nike Davies-Okundaye ti ń kọ́ ènìyàn ní irú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibùdó rẹ̀ ní Òṣogbo láti 1983, ẹ̀kọ́ náà kò sì ní àbùjá. Ẹ̀kọ láfún ni a ó kọ́kọ́ rò títí yóò fi ki, pẹ̀lú álọ́ọ̀mù nínú rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni a fi ń yàwòrán: bí ọwọ́ bá wúwo, ẹ̀kọ a ṣàn kọjá ìlà, bí ó bá fúyẹ́ jù, aró a wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ọnà tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, tí ó ní àwọn òpó gbọ̀ngàn Mapó àti ṣíbí láàárín wọn, yóò rí i pé a gbọ́dọ̀ ti ṣẹ́ aṣọ náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kí ìyẹ́ tó kàn án, nítorí òpó kan tí ó bá wọ́ yóò wọ́ gbogbo ìyókù. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, ó di inú ìkòkò aró. Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà ń mú jáde nígbà àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú gbogbo ènìyàn, àwọn ọmọdé sì máa ń pariwo níbẹ̀ (àgbàlagbà náà ń pariwo). A ó rì í, a ó sá a, a ó tún rì í, kí a tó ha ẹ̀kọ kúrò. Ẹni tí ó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì padà lọ wo àdìrẹ àtijọ́ nínú gíláàsì, yóò mọ ibi tí ẹ̀kọ ti sán, yóò sì mọ ibi tí ọwọ́ ìyá tí ó yà á ti gbọ̀n.

Ní Èkó lónìí, ibi tí a lè lọ ti ń pọ̀ sí i. Yemisi Shyllon Museum of Art ṣílẹ̀kùn ní Pan-Atlantic University ní 2019, lẹ́yìn tí Ọmọọba Yẹmisí Shyllon fi nǹkan bí 1,000 iṣẹ́ ọnà àti owó ilé náà ta wọ́n lọ́rẹ. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn fún ẹni tí ń gbé Ìkẹjà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní ńlá ni pé inú yunifásítì ni ó wà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ́ iṣẹ́ ọnà ti lè bá ère pàdé. Ní Oníkàn, John Randle Centre, ibùdó àṣà àti ìtàn Yorùbá, fi Yorùbá ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì nínú àlàyé tí ó wà lára ògiri, èyí sì dùn mọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kò tíì tẹ̀ lé ti ara ògiri. Mo jókòó níbi ìtàkùrọ̀sọ kan, n kò ní dárúkọ ibẹ̀, tí wọ́n pe ìyá kan tí ń hun aṣọ òkè láti bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi ìyá ní ìbéèrè, ìyá dáhùn ní gbólóhùn kan, wọ́n sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ìyá. Nígbà tí ọkùnrin kan láàárín èrò wá fi Yorùbá béèrè bí wọ́n ṣe ń rí òwú sányán, ìyá náà sún síwájú lórí àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtẹ́ kòkòrò inú igbó, wọ́n sọ bí a ṣe ń fi omi eérú sè é kí òwú tó lè tú, àti ìdí tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi nílò aró. Kò sí ẹni tí ó wo fóònù mọ́. Olùdarí ètò ni ó ní àkókò ti lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè bóyá ẹni tí ó lè fi Yorùbá mú yín yíká wà. Bí àwa mẹ́wàá bá béèrè láàárín oṣù kan, wọn yóò wá ẹnì kan. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání. Bí ó bá sì jẹ́ wọ́kíṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ni ẹ fẹ́ sanwó fún, ẹ béèrè iye ènìyàn tí yóò wà nídìí ìkòkò aró kan. Bí wọ́n bá ju mẹ́wàá lọ, ẹ dúró de èyí tí ń bọ̀.