Bí wọ́n ṣe ń ná ọjà Chatuchak ní Bangkok

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Bangkok, olú-ìlú Thailand, tí ẹ̀ ń wá ibi tí ẹ ti lè ra aṣọ, àwo àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé lówó pọ́ọ́kú, Chatuchak ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ J.J., ọjà kan náà ni. Sátidé àti Sọ́ńdè ni gbogbo rẹ̀ máa ń ṣí. Wẹ́sidé àti Tọ́sidé, àwọn olódòdó ló ni ín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì pín in sí ẹ̀ka 27. Ẹ má gbèrò pé ẹ fẹ́ rìn ín tán lóòjọ́. Ẹ mú ẹ̀ka mẹ́ta, bó pọ̀ tán mẹ́rin, kí ẹ ná an dáadáa.

Reluwé abẹ́lẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ sọ̀ ní Kamphaeng Phet, ẹ gba ẹnu ọ̀nà àbájáde 2, inú ọjà gan-an lẹ máa yọ sí. Àwọn tó bá wọ reluwé orí afárá á sọ̀ ní Mo Chit, wọ́n á wá fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ láàárín èrò. Kamphaeng Phet ló rọrùn jù fún ẹni tí kò fẹ́ kó rẹ òun kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ní aago 9, ẹ máa bá ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní títì. Aago 10 ló dáa jù: ọjà ti ń ṣí, oòrùn ò sì tíì mú. Láti ọ̀sán títí di nǹkan bí aago 3, abẹ́ páànù yẹn á gbóná janjan, torí ọ̀nà inú rẹ̀ há, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé. Ẹ ṣe rírà tó gba ìrònú láàárọ̀, kí ẹ sinmi nígbà tí oòrùn bá kàn tàrí. Oṣù April ló máa ń le jù. Láti May sí October, òjò lè dédé ṣú lọ́sàn-án kó sì rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á látòkè. Bàtà rọ́bà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò yọ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Ohun tó ń da àwọn àlejò láàmú jù lọ ni pé wọn kì í rí ìsọ̀ tí wọ́n fẹ́ padà sí. Àwọn ọ̀nà inú ọjà jọra, máápù inú fóònù sì máa ń ṣini lọ́nà lábẹ́ òrùlé. Ọ̀nà àbáyọ ò le: gbogbo ìsọ̀ ló ní pátákó kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀ka, nọ́ńbà soi, ìyẹn ọ̀nà tóóró, àti nọ́ńbà ìsọ̀ sí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú onítọ̀hún. Ilé agogo tí wọ́n kọ́ ní 1987 wà láàárín ọjà, òun ni kí ẹ fi ṣe àmì, kí ẹ sì fi í ṣe ibi tí ẹ máa pàdé bí ẹ bá ju ẹnì kan lọ. Síbẹ̀, bí ọjà kan bá wù yín tí owó rẹ̀ sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ rà á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ lábọ̀, àfàìmọ̀ ni kò ní í gba ọ̀nà mìíràn bọ́ sígboro.

Nínú ìnájà, ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń jẹ́ níbẹ̀. “Tao rai” lẹ máa fi bèèrè iye. Ọkùnrin á fi “khrap” parí rẹ̀, obìnrin á fi “kha”. Ọlọ́jà á tẹ iye sórí kálíkúlétọ̀, á kọjú rẹ̀ sí yín. Kí ẹ̀yin náà tẹ tiyín, kí ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ má ná an ní ìdajì, inú wọn kì í dùn sí i. Kí wọ́n yọ 10 tàbí 20 kúrò nínú 100 ti dáa. Àǹfààní gidi wà nínú iye tí ẹ bá rà: ọ̀pọ̀ onísọ̀ ló ní iye ẹyọ kan, tí wọ́n sì ní iye tó wálẹ̀ fún mẹ́ta sókè. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ 200 báàtì, ìyẹn owó Thailand, mẹ́ta lè bọ́ sí 150 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè da àwọ̀ pọ̀. Wọ́n sábà máa ń gbà. Bí ẹ bá ti gba iye kan, ẹ má tún yí ọ̀rọ̀ padà.

Aṣọ tí wọ́n kọ “free size” sí kì í ṣe ti gbogbo ara. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni, ó sì sábà máa ń kéré fún ẹni tó bá sanra tàbí tí èjìká rẹ̀ gbòòrò. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn wọ̀ ọ́ wò, wọn kì í sì í gbà á padà. Nítorí náà, ẹ mú téèpù dání. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ wọ̀n ọ́n láti abíyá kan dé èkejì, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: íńṣì 17 túmọ̀ sí àyà 34. Bí àyà tiyín bá jẹ́ 38, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má tan ara yín. Òkirikà wà ní ẹ̀ka 5 àti 6. Ẹ gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ lè rí ihò, ẹ wo abíyá, ẹ fa síìpù lọ fa á bọ̀, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà àwọn ayàwòrán wà ní ẹ̀ka 7.

Ohun tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n tà, bí ewé tíì àti èso gbígbẹ, khit ni wọ́n sábà máa ń fi dá a lówó. Khit kan jẹ́ gírámù 100, mẹ́wàá ló wọ kílò kan. Pátákó tó ní 60 báàtì lè jẹ́ 600 ní kílò.

Àwọn ọlọ́jà gbádùn kí èèyàn fi fóònù ya àmì QR láti sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àkáǹtì ní báǹkì Thailand ló máa ń ṣiṣẹ́ fún jù. Ẹ̀yin yòókù, ẹ mú owó tí wọ́n ti ṣẹ́ dání, 20, 50 àti 100. Ojú ọba wà lára owó náà. Bó bá já bọ́, kódà bí atẹ́gùn bá fẹ́ gbé e lọ, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, torí ìwọ̀sí ni wọ́n kà á sí fún ọba.

Àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun wà nínú ọjà. Ère Buddha gba ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ Fine Arts Department, iléeṣẹ́ ìjọba Thailand tó ń bójú tó iṣẹ́ ọnà, kó tó lè kúrò ní orílẹ̀-èdè náà, ẹ má dì í mọ́ ẹrù láìgbà á. Bó bá ti jẹ́ ti ọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe ìwúwo nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ṣe ìsọdipúpọ̀ gígùn, ìbú àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á pín in sí 5,000, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì lẹ máa san. Páálí 60 ní 50 ní 40 á jẹ́ kílò 24, bí apẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ ò tiẹ̀ ju kílò 5 lọ. Ẹ ti apẹ̀rẹ̀ kékeré bọ ńlá nínú, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ rà di àyè tó kù láàárín àwọn àwo.