Funfun bí iyọ̀ lábẹ́ fáàfù

Ẹ̀yin ará, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán. Lánàá, ní ilé iná núkílíà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní Amẹ́ríkà níbí, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ fáàfù kan, mo rí nǹkan funfun. Kò ju èékánná lọ. Ó ti gbẹ, ó lẹ̀ gírígírí bí ògì tó hó dà sẹ́nu ìkòkò tí wọn ò tètè nù.

Ọ̀gá tá a jọ wà níbẹ̀ ní kí n máa bọ̀ jàre, pé ẹlòmíràn á rí i. Ẹsẹ̀ mi ò gbé e. Omi tó ń yí ká inú rìákítọ̀ wa, ìkòkò irin ńlá tí agbára núkílíà ti ń jáde, ní ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní boric acid nínú. Tó bá ń jò, omi á gbẹ, funfun á kù, á sì máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ní 2002, ní Davis-Besse, ilé iná núkílíà kan ní Ohio, wọ́n bá ihò nínú ìdérí rìákítọ̀ tó nípọn ju íńṣì 6 lọ. Awẹ́ irin tí kì í dípẹtà nìkan ló kù, kò tó ìdajì íńṣì! Ọdún méjì gbáko ni ibẹ̀ fi wà ní títì.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. (Mo mọ̀ pé wọ́n á ní àṣejù mi pọ̀.)

Láàárọ̀ yìí, èèyàn mẹ́ta ló kúnlẹ̀ ti fáàfù yẹn. Ọ̀gá àná wà lára wọn. Kò wojú mi.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín níbi iṣẹ́ rí?