Tábìlì Ló Máa Dáhùn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Kíkọ́ Àwọn Ọmọ Pírámárì Ní Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́, àti ẹ̀yin tí wọ́n rán wá ṣe ìdánrawò ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ ẹyin ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́, ní ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí Ṣàgámù, mo to tábìlì mẹ́fà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Pírámárì Kẹrin. Lórí ọ̀kan nínú wọn ni mo gbé ike omi méjì sí, mo da iyọ̀ sínú ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀ ní omi lásán, mo sì gbé ẹyin adìyẹ méjì tì wọ́n. Ohun tó wà nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ mi ni pé ẹyin yóò rì nínú omi lásán, yóò sì léfòó nínú omi iyọ̀. Ọmọbìnrin kan rọra gbé ẹyin kan sínú omi lásán, ẹyin náà sì léfòó. Ó pè mí pé, "Àǹtí, ẹ wá wò ó, kò rì o." Láì wo ibẹ̀ ni mo ti dá a lóhùn pé irọ́ ni, àfi bí ó bá ti bu iyọ̀ sí i. Ó ní òun kò bu iyọ̀ sí i. Mo ní kí ó jókòó, kí ó kọ ohun tí mo kọ sójú pátákó sínú ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ sílé tán ni mo fọ́ ẹyin yẹn, òórùn rẹ̀ sì lé mi jáde nínú kíláàsì. Ẹyin tó ti pẹ́ ni. Bí ẹyin bá ń pẹ́ nílẹ̀, omi inú rẹ̀ a máa gba ara èèpo rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa gba ipò rẹ̀, títí tí ẹyin náà yóò fi fúyẹ́ débi tí omi lásán fi lè gbé e. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́, nítorí inú omi ni wọ́n ti máa ń dá ẹyin tó ti bàjẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó sè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ọmọ yẹn rí, èmi olùkọ́ rẹ̀ ni mo sì ní kí ó kọ irọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ara mi láti gba ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì gbọ́ ju ohun tó wà nínú ìwé mi lọ. Ó rọrùn láti sọ. Ẹni tó ti dúró níwájú ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta rí, tí ọ̀gá ilé ìwé sì ń yọjú lójú fèrèsé, ló mọ bí ó ti ṣòro tó.

Ohun tí mo ń pè ní tábìlì iṣẹ́ kò ju ibi kan nínú kíláàsì lọ, tí a to ohun èlò sí pẹ̀lú ìbéèrè, kí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣí lọ sí ibòmíràn. Bí olùkọ́ bá dá ṣe àyẹ̀wò kan níwájú pátákó, àwọn tó jókòó níwájú nìkan ló máa ń rí i, àwọn tó kù a máa wo ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn tábìlì iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àṣejù ni mo ṣe. Iṣẹ́ mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo tò fún ìṣẹ́jú 40, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ kò lè lò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ ní ibì kan, tí a bá sì yọ àkókò tí wọ́n fi ń rìn, tí wọ́n fi ń jà nítorí àga, kò sí ẹni tó parí ohunkóhun. Ní báyìí, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni mo máa ń tò, mo sì máa ń to ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú méjì, kí tábìlì lè jẹ́ mẹ́fà, kí ọmọ mẹ́sàn-án wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ ní mẹ́ta mẹ́ta. Mo máa ń tọrọ àsìkò ẹ̀kọ́ méjì tó tẹ̀ léra, 20 ìṣẹ́jú fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ṣẹ́ kù fún àlàyé ìbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìparí. Agogo kékeré ni mo fi ń ké sí wọn láti ṣí. Ẹ má ṣe fi ohùn yín ṣe agogo, kí ẹ má baà pàdánù ohùn kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Ẹ tún kíyè sí ọwọ́ ta ni ohun èlò wà. Nínú ọmọ mẹ́ta, ọ̀kan a máa já gbogbo nǹkan gbà, ọ̀kan a máa kọ̀wé, ẹ̀kẹta a máa wò. Mo ti rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń sọ di akọ̀wé, nítorí ìwé rẹ̀ mọ́. Mo máa ń pààrọ̀ iṣẹ́ wọn nígbà tí agogo bá dún, èmi ni mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀, n kò fi í lé wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìbéèrè tó máa ń wà lórí tábìlì ṣe pàtàkì ju bí mo ti rò lọ. Tẹ́lẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ́, mo sì máa ń kọ ìdáhùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má ṣìnà. Àwọn ọmọ a ka ìdáhùn, wọn a dà á kọ, wọn a sì fi omi ṣeré títí agogo yóò fi dún. Nígbà tí mo kọ ìbéèrè ní Yorùbá, tí mo sì yọ ìdáhùn kúrò, ariwo pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ariwo àríyànjiyàn ni: ọ̀kan ní "ó wúwo ni," èkejì ní "kì í ṣe ìwúwo, òkúta kékeré yìí kò tó igi yẹn wúwo, òun ló sì rì." Ọmọ tí kì í la ẹnu ní àsìkò Gẹ̀ẹ́sì ló sọ gbólóhùn kejì yẹn, ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló sì fi sọ ọ́. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ronú ní èdè tó fi ń ronú, kí ẹ tó wá kọ́ ọ ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe nǹkan náà.

Bí ẹ bá ní owó iṣẹ́ kan ṣoṣo láti ná, sóbò ni mo máa ní kí ẹ rà. Ẹ se ìṣápá pupa gbígbẹ nílé, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ sínú ife ike funfun mẹ́rin. Ẹ fún àwọn ọmọ ní omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi tí a fi rẹ gaàrí Ìjẹ̀bú, omi eérú tí a ti sẹ́, àti omi káún, kí wọ́n máa kán ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife tirẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò mú pupa sóbò kúrò, ńṣe ni ó máa ń mú un tàn sí i. Omi gaàrí náà kò yí i padà, nítorí pé a ti jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ náà kan fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó yan án, ìkan náà sì ni ásíìdì tó ń ta wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí omi káún bá ti kán sí i, pupa a kúrò, àwọ̀ a máa lọ sí ti aró, bí káún bá sì pọ̀ a di àwọ̀ ewé. Omi eérú ṣe bíi ti káún. N kò tíì rí kíláàsì kan tí kò pariwo ní ibi yẹn.

Ìgbà náà ni ẹ ó wá béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó lè padà di pupa. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ gbé ọsàn wẹ́wẹ́ tó kù lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fún un sínú ife tó ti yí àwọ̀ padà. Yóò hó, yóò sì pọ́n padà. Ìhó yẹn ni afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní carbon dioxide, èyí tó ń hó nínú mínírà, tí ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ lé jáde láti inú káún. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Ṣàgámù lè fi òkúta ẹfun kún un, irú èyí tí wọ́n ń wà jáde níbẹ̀ fún ìṣe sìmẹ́ǹtì. Ẹ gún un kúnná, ẹ kán omi ọsàn sí i, òun náà yóò hó díẹ̀. Èèpo ẹyin tí a gún yóò ṣe bákan náà, nítorí pé ohun kan náà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì.

Ọmọ kan gbé ife sóbò mu lójú mi lọ́dún kan, ó sì fajú ro nítorí àìsí ṣúgà. Sóbò lásán ni, kò ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi pé òfin "a kì í tọ́ nǹkan wò lórí tábìlì sáyẹ́ǹsì" gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo òfin, kódà nígbà tí ohun orí tábìlì bá jẹ́ oúnjẹ. Omi káún tó pọ̀ àti omi eérú kò yẹ kó kan ojú ọmọ. Ní ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà àti gúlóòbù, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: bátìrì méjì ti tó, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi wáyà so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀ láìsí gúlóòbù láàárín, nítorí yóò gbóná jó ọwọ́ wọn.

Tábìlì kan wà tí kò ní tábìlì rárá. Ẹ ri igi tó gùn tó ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́ ilẹ̀ ní pápá, kí àwọn ọmọ máa fi òkúta sàmì sí orí òjìji rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan tí mo ń lò, tí wọ́n kọ ní òkè òkun, sọ pé òjìji ọ̀sán gangan máa ń na apá àríwá. Ní oṣù kẹfà, lọ́jọ́ kan tí òjò dáwọ́ dúró, òkúta àwọn ọmọ mi na apá gúúsù. Mo rántí ẹyin. N kò bá wọn jiyàn, mo gbé gílóòbù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ya àwòrán ayé sí, àti tọ́ọ̀ṣì jáde, a sì wá Ìjẹ̀bú rí lórí rẹ̀, ní nǹkan bí ìwọ̀n digíríì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá wa ni oòrùn máa ń wà ní ọ̀sán gangan, òjìji wa a sì na gúúsù. Àwọn tí ìwé náà wà fún ń gbé ní ibi tí oòrùn kì í kọjá sí àríwá wọn ní ọ̀sán. Ohun mìíràn tí àwọn òkúta náà fi hàn wá ni pé aago 12 kọ́ ni òjìji kúrú jù, bí kò ṣe nǹkan bí aago 12:45, nítorí pé ìlà tí wọ́n fi ṣètò aago Nàìjíríà wà ní ìlà oòrùn wa, ibi tí oòrùn ti máa ń dé àárín ojú ọ̀run kó tó kàn wá.

Alẹ́ tó ṣáájú ni mo máa ń ṣe gbogbo àyẹ̀wò náà nílé, pẹ̀lú ohun èlò kan náà gan-an tí n óò kó lọ, àti ẹyin tí mo ti fi omi yẹ̀ wò. Síbẹ̀, àwọn ọmọ a máa bá mi dé ibi tí n kò múra dé. Ní sáà tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti etí òkun ní ìhà Wọ́tásáìdì béèrè bóyá omi òkun náà lè gbé ẹyin. Ẹnu mi ti là láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé iyọ̀ wà nínú òkun. Mo pa ẹnu mi dé. Mo sọ fún wọn pé nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35, èyí tó sún mọ́ ṣíbí ìjẹun méjì tí a gé orí rẹ̀, mo sì fún wọn ní lítà omi kan, ṣíbí, iyọ̀ àti ẹyin tuntun. Wọ́n bu ṣíbí méjì, wọ́n rò ó pọ̀, ẹyin rì lọ sí ìdí ike. Wọ́n bu ẹ̀kẹta, ó ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ń bù ú lọ, wọ́n ń kà á sókè, ó sì di ṣíbí keje kí ẹyin tó yọ orí. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òkun kò lè gbé ẹyin tuntun. Ó wá wo ojú mi bóyá n óò ní kí ó pa á rẹ́.