Orúkọ tí mo kọ sórí kéèkì

Ọdún 2019 ni Gift, ọmọ àbúrò mi, wá bá mi ní Hamburg láti kàwé. Nígbà tó pé ọmọ 20 ọdún, mo ṣe kéèkì méjì: ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún àwọn àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, torí wọn kì í yéé béèrè àlàáfíà ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Mo fi ṣúgà pupa kọ GIFT sórí méjèèjì gàdàgbà.

Màmá kan tó ti lé ní 80 ọdún ni mo kọ́kọ́ gbé e síwájú. Màmá wo kéèkì, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo kéèkì. Wọ́n wá fi ìka kan ṣoṣo rọra ti àwo náà padà sọ́dọ̀ mi. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o kọ májèlé sí i?"

Ohun tí gift ń jẹ́ lédè Jámánì nìyẹn. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Rattengift ló wà lára páálí oògùn eku ní yàrá abẹ́ ilé wa. Ṣùgbọ́n létí tèmi, orúkọ ọmọ wa ni. Ọdún 11 ni ìyá rẹ̀ fi wá ọmọ kó tó bí i, ìdí tí bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó dùn mí dé ọkàn pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ náà. Inú "fún" ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ní Jámánì àtijọ́, gift ni ohun tí a fún èèyàn. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì sì ń pe ìwọ̀n oògùn tí wọ́n bá fún aláìsàn ní dosis, ìyẹn "fífún". Èdè Látìn gbà á, àwọn ará Jámánì wá fi gift túmọ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, oògùn tí a fún èèyàn di èyí tó ń pa á, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ sì lọ.

Kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Bí àwọn àgbà bá rẹ ohùn sílẹ̀ pé "wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ", ta ló máa béèrè bóyá iyán ni tàbí ẹ̀bà? A kì í dárúkọ májèlé. Poison tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Faransé náà, ohun mímu lásán ni ní Látìn.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Sweden, wá dá tirẹ̀ sí i: lọ́dọ̀ wọn, gift ni májèlé, gift náà sì ni ẹni tó ti ṣègbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Denmark àti Norway. Ìyẹn tilẹ̀ yé mi kíá, torí àwa náà ń fi ọmọ fọ́kọ. Owó orí ìyàwó ni gift ń jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́. Ẹnu àwọn Viking, àwọn ará Scandinavia àtijọ́, ló jọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba "g" líle tí wọ́n ń pè lónìí. Jámánì fúnra rẹ̀ ṣì ń pe ẹrù tí ìyàwó ń gbé lọ ilé ọkọ ní Mitgift. Ní Netherlands, ẹ̀bùn ni gift. Gif ni wọ́n ń pe májèlé.

Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó ti Màmá, mo sọ ìtàn ọdún 11 náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Geschenk nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀bùn. Inú schenken ló ti wá, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé bíbu ọtí fún èèyàn mu ni tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní kí n gé ibi tí G wà fún àwọn. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ sílé, wọ́n fún mi ní káàdì kan tí wọ́n fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n kọ: Für unser Geschenk, "Fún ẹ̀bùn wa". Ó ṣì wà lára dígí Gift.