Kí ẹ tó ní kí ọmọ kọ́ eré sórí

Okun o, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọdé léré ṣíṣe nílé wa níbí nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ní Kábà, n'Íyàrá, ní Mọ̀pà, níbi yòówù tẹ́ ẹ wà. Ẹni méjì ti bi mí pé kí ni ọmọ nílò kó tó ṣe ìdánwò LAMDA, ìyẹn ìdánwò eré ṣíṣe tí ilé ẹ̀kọ́ eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, torí mi ò lè máa sọ ọ́ lórí fóònù títí kírédíìtì á fi tán.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ilé ìwé àdáni kan l'Ábújá ni mo wà. Wọ́n kó ọmọ mẹ́fà fún mi, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi náà, kí ni mo mọ̀? Mo ń kọ́ wọn bí ẹní ń kọ́ odídẹrẹ́, ibí ni kó o ti nawọ́, ibí ni kó o ti fajú ro, ibí ni kó o ti sunkún. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, Grédì 3 ló fẹ́ ṣe, ìyẹn ìpele kẹta ìdánwò náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀ bí omi, ẹyọ kan kì í bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò mo dúró sí kọ́ridọ̀, mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀, inú mi ń dùn. Àfi bó ṣe jáde tí ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ẹgzámínà bi í pé níbo ni ọmọ tó ṣe nínú eré yẹn ti ń bọ̀ kó tó wọlé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò kọ́ mi níbi tó ti ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi dòní. Torí ìdánwò yẹn kì í ṣe àkọ́sórí nìkan o, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò, bí eré náà ṣe yé ọmọ, bó ṣe ń lo ohùn àti ara, àti ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè. Nínú 100, 50 ni pásì, 65 ni mẹ́rìtì, 80 ni dìsítíńṣọ̀n.

Ní báyìí o, kí ọmọ tó kọ́ ohunkóhun sórí, mo máa ń ní kó pa ìwé eré dé kó sọ fún mi ní èdè ilé wọn, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ọ̀wẹ́ á sọ ọ́ l'Ọ̀wẹ́, ọmọ Yàgbà á sọ ọ́ ní Yàgbà. Ẹ wò ó, ibẹ̀ lẹ ó ti rí eré gan-an! Mo ní ọmọ kan tó ń bá màmá ẹ̀ jà nínú eré ẹ̀, bó bá ti dé èdè òyìnbó, ilẹ̀ ló máa ń wò. Mo gbé àga rọ́bà kan síwájú, mo tú gèlè mi mo fi bo ẹ̀yìn àga, mo ní màmá ẹ nìyẹn, bá a sọ̀rọ̀. Ó fi Ọ̀wẹ́ bú u débi tí mo fi ń wo ojú fèrèsé bóyá màmá ẹ̀ ń gbọ́. Lẹ́yìn náà la padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ohùn yẹn tẹ̀ lé e wọbẹ̀. A wá gbé àga yẹn sọ́wọ́ iwájú lápá kan, kí ojú ọmọ lè hàn, kó má baà kọ ẹ̀yìn sí ẹgzámínà, kó má sì máa tẹjú mọ́ ẹgzámínà bí ẹni pé òun ni màmá.

Ẹ ka eré náà látòkè délẹ̀, ẹ̀yin náà, kì í ṣe ojú ìwé kan tẹ́ ẹ ya. Bí sílábọ̀ọ̀sì bá sì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún yín láti yàn, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tá a máa ń sáré lọ mú èyí tí ọmọ á máa sọ̀rọ̀ yìnyín ìlú òyìnbó tí ò rí rí? Àwọn àgbà ọmọ tó ti dé Grédì òkè lè wo eré Olu Obafemi, ọmọ Búnú wa níbí.

Àwọn òbí á bi yín nípa pọ́íntì UCAS, èyí tí wọ́n fi ń wá àyè sí yunifásítì nílùú ọba. Grédì 6 sí 8 ló ní in, yunifásítì míì nílùú ọba sì wà tí kì í kà á. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn tààrà, kí wọ́n má fi ìyẹn ni ọmọ ọdún méje lára.

Ó kù, bàtà tuntun. Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ ọ́, á máa dún kọ́kọ́kọ́. Ẹ fi fóònù ka àkókò ẹ̀, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa dárúkọ eré àti ẹni tó kọ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó mí, kó tó wọ inú ẹ̀.

Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dààmú wa jù nílé yìí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ewúrẹ́, òjò lórí páànù. Èyí tá a ṣe gbẹ̀yìn, yàrá tí bàbá àgbà ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò ń kó iṣu sí la lò, torí kò ní fèrèsé, a gbé ẹní kọ́ ara ògiri kí ohùn má máa padà. Gbogbo ibẹ̀ ń rùn iṣu. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á, ó ní rárá, ó dáa bẹ́ẹ̀, ebi ló ń pa ọmọ tóun fẹ́ ṣe.